Tí aboyún bá ń lo oògùn olóró ní Àbújá tàbí òkè Ọya: ohun tí òfin lè mú un fún, àti bí ẹ ṣe máa ṣe é

Ibi tí ọkàn àwọn èèyàn ti máa ń já jù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ lọ́yà ni mò ń ṣe ní Àbújá níbí, àwọn Yorùbá tó wà ní Nyanya, Kubwa, Lugbe, títí dé Mararaba máa ń pè mí, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń wà lẹ́nu wọn, bóyá ọmọ wọn ni o, bóyá ìyàwó ọmọ ni, bóyá àbúrò tó wá bá wọn gbé láti ilé ni: "Lọ́yà, ó ti lóyún o, ó sì ń lo trámọ̀, ṣé tá a bá gbé e lọ sọ́sibítù wọn ò ní pe ọlọ́pàá sí i?" Ìdáhùn mi ni pé ẹ gbé e lọ. Ẹ gbé e lọ lónìí. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, àti bí ẹ ṣe máa ṣe é tẹ́nu ẹbí ò fi ní kó ọmọ náà sí wàhálà tí oògùn gan-an ò kó o sí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí dájú

Ní Nàìjíríà, kò sí ibì kankan nínú ìwé òfin tí wọ́n ti kọ ọ́ pé obìnrin tó lo oògùn olóró ti dá ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ torí pé ó lóyún. Kò sí nínú Penal Code tá à ń lò ní Àbújá àti òkè Ọya, kò sí nínú Criminal Code tí wọ́n ń lò nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sí nínú òfin NDLEA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, Ọ̀fà àti Kàbà, Penal Code yìí kan náà ló wà lọ́dọ̀ yín o, torí ara òkè Ọya àtijọ́ ni Kwara àti Kogi.

Ìròyìn Amẹ́ríkà ló dá ẹ̀rù sí ọ̀pọ̀ èèyàn lára, àwọn tó sì fẹ́ lọ bímọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ní Alabama, wọ́n ṣe òfin kan ní 2006 torí àwọn tó ń se oògùn olóró nínú ilé tí ọmọdé ń gbé, àmọ́ ní 2013 ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ pé ọmọ inú oyún náà wà lára ọmọ tí òfin yẹn ń dáàbò bò, bí wọ́n ṣe ń gbé àwọn ìyá lọ sẹ́wọ̀n nìyẹn, tí ọmọ bá sì kú, ọdún 10 sí 99 tàbí ẹ̀wọ̀n gbére ló wà nínú ìwé. Ní South Carolina, ilé-ẹjọ́ wọn ti sọ irú ẹ̀ látọdún 1997. Tennessee náà ṣe tiwọn ní 2014, òfin yẹn tán ní 2016, wọn ò tún un gbé dìde. Síbẹ̀ náà, Supreme Court wọn sọ ní 2001, nínú ẹjọ́ tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Ferguson àtàwọn míì pe ìlú Charleston, pé ọsibítù ìjọba ò gbọdọ̀ yẹ ìtọ̀ aboyún wò láìgbàṣẹ rẹ̀ kí wọ́n lè gbé èsì fún ọlọ́pàá. Ní Ìlú Ọba ní tiwọn, kóòtù sọ ní December 2014 pé ìyá tó mu ọtí nígbà oyún débi tí ọmọ fi bàjẹ́ kò dá ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin, torí ọmọ tí wọn ò tíì bí kì í ṣe èèyàn tí òfin yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ rí i pé ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ìlú sí ìlú ni, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kàn rí lórí fóònù tẹ́ ẹ máa wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Gwagwalada.

Ohun tí òfin tiwa lè mú un fún

Àkọ́kọ́ ni oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin NDLEA, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, sọ ní abala 11 pé ẹni tó bá ní kokéènì, heroin tàbí irú wọn lọ́wọ́, tàbí tó ń mu ún bíi sìgá, tó ń fà á símú, tó ń gún un sára, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ni. Ẹni tó ń tà á, gbére ni. Federal High Court nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun á bá yín yanjú ẹ̀ ní kóòtù kékeré kan. Igbó wọ inú ẹ̀. Kódì náà, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ tó ní kódì wọlé láti May 2018. Trámọ̀ tí dókítà kọ fún èèyàn tó ní ìwé lọ́wọ́, ìyẹn yàtọ̀, ṣùgbọ́n oní-mílígíráàmù 225 tí wọ́n ń tà ní páàkì yẹn, kò sí dókítà tó lè kọ ọ́, torí NAFDAC, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn nílẹ̀ yìí, ò fi orúkọ èyí tó ju 100 lọ sílẹ̀ rárá.

Ohun tó tìdí ẹ̀ yọ ni pé ẹ má ṣe bá a lọ rà á. Mo mọ̀ pé àánú ló máa ń ṣe àwọn ìyá, ọmọ á máa gbọ̀n, á máa sunkún, ìyá á fún ọmọ àdúgbò lówó pé kó bá òun ra méjì wá. Ìyá yẹn àti ọmọ àdúgbò yẹn ti kó sínú òfin kan náà, tí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ ò bá sì tíì tó ọdún 18, Child's Rights Act ti 2003, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, ní abala 25 ní ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tó ti ọmọdé sínú oògùn olóró. Ẹ má sì gbé sáṣẹ́ẹ̀tì tó kù sínú báàgì lọ sọ́sibítù pé kí dókítà lè rí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ó ti tó.

Ìkejì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni àwọn Yorùbá ti máa ń ba ara wọn jẹ́. Penal Code abala 232 sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ mú kí oyún wálẹ̀, tí kì í ṣe láti gba ẹ̀mí ìyá là, lè lọ sẹ́wọ̀n tó tó ọdún 14, tàbí kó san owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Abala 235 tún sọ̀rọ̀ ẹni tó bá ṣe nǹkan kó tó di pé wọ́n bí ọmọ, pẹ̀lú èrò pé kí ọmọ yẹn má wáyé láàyè tàbí kó kú lẹ́yìn tó dé, ọdún 14 náà ni. Ohun tí àwọn abala méjèèjì yìí ń wá ni èrò ọkàn. Obìnrin tí trámọ̀ ti di bárakú fún láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tó wá lóyún, kò lò ó torí oyún. Ẹni tó lọ ra nǹkan mu torí kí oyún lè bọ́, ọ̀ràn tiẹ̀ yàtọ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, kò sí ohun tó ń gbé ẹjọ́ láti ibì kan sí ìkejì kíákíá bí ohun tí ẹbí bá sọ nígbà tínú ń bí wọn.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Oyún ti bàjẹ́, ìyá ọkọ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nílé, ẹnì kan pe ọlọ́pàá, wọ́n dé tẹ́ṣàn, wọ́n ní kí màmá kọ stéétíméǹtì. Màmá ò lè kọ gẹ̀ẹ́sì, kọ́sítébù ń bá a kọ, màmá ń sunkún, ó ní "Ọjọ́ tó ti mọ̀ pé òun lóyún ló ti pinnu pé òun ò ní bí ọmọ yẹn fún ọmọ mi!" Kò rí i. Kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó. Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ìwé, ó ti fi ìka tẹ̀ ẹ́, ohun tó jẹ́ ọ̀ràn àìsàn bárakú ti ń wọ inú abala 232 lọ nìyẹn, tí inú màmá bá sì rọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó ní òun fẹ́ gba ọ̀rọ̀ òun padà, kì í rọrùn bẹ́ẹ̀. Torí náà ẹ sọ ohun tí ojú yín rí. "Mo rí i tó ń lo oògùn" jẹ́ ohun tí ojú rí. "Ó fẹ́ fi pa ọmọ ni" kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀. Kí ẹni tó bá ń bá màmá kọ ọ́ ka gbogbo ẹ̀ padà sí i létí ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí i, tí kò bá sì gbọ́ ọ yé, kó má fọwọ́ sí i.

Tó bá wá jẹ́ pé lóòótọ́ ló lo nǹkan torí kí oyún lè wálẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà, ẹ jọ̀ọ́, òtítọ́ ni kẹ́ ẹ sọ fún dókítà. Ẹ̀mí ló kọ́kọ́ wà.

Ìkẹta, fún àwọn tó máa ń rò pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé, sí Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, torí òfin ibẹ̀ rọ̀: kò rọ̀. Criminal Code tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ń lò sọ ní abala 307 pé ọmọ di èèyàn tí wọ́n lè torí ikú rẹ̀ fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹnì kan nígbà tó bá ti jáde tán pátápátá láàyè láti inú ìyá rẹ̀, abala 309 sì ní tí ọmọ bá kú torí ohun tí ẹnì kan ṣe kí wọ́n tó bí i tàbí nígbà tí wọ́n ń bí i, ẹni yẹn ni wọ́n á kà sí ẹni tó pa á. Ìrìn àjò alẹ́ pẹ̀lú oyún inú ò ṣe é lóore kankan.

Ìkẹrin ni Ṣaríà, fún àwa Mùsùlùmí. Látìgbà tí Zamfara ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìpínlẹ̀ 12 ló ti ń lo òfin ìjìyà Ṣaríà. Kano wà níbẹ̀, Kaduna, Katsina, Sokoto, Niger náà. Ẹ fi Niger sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ yín ló ń ṣiṣẹ́ ní Wuse tẹ́ ẹ ń sùn ní Suleja, Suleja kì í ṣe Àbújá, ìpínlẹ̀ Niger ni. Lábẹ́ òfin yẹn, Mùsùlùmí tó mu ọtí lè jẹ pàṣán 80. Kò kan oyún, ọtí ni, ṣùgbọ́n aboyún tó ń mu búrúkútù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ wọn. Àbújá fúnra ẹ̀, Nasarawa, Kwara àti Kogi ò sí nínú àwọn 12 yẹn.

Ó ku ọ̀kan tí kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Child's Rights Act, abala 17, fún ọmọ láṣẹ láti pe ẹni tó ṣe é léṣe nínú oyún lẹ́jọ́ kó gba owó gbà-máà-bínú, bóyá onítọ̀hún mọ̀ọ́mọ̀ ni o, bóyá àìbìkítà ni. Ọkọ tó ń na aboyún wà lára àwọn tí òfin yẹn lè kàn, ẹ jẹ́ káwọn ọkọ náà gbọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e dé ọsibítù

Ẹ má sọ fún un pé kó dáwọ́ ẹ̀ dúró lónìí lónìí. Mo mọ̀ pé ó lè ya yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ló kọ́ mi, àjọ ìlera àgbáyé WHO sì ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn láti 2014. Trámọ̀, kódì, heroin, fálíọ́ọ̀mù, àti ọtí líle tí ara ti mọ́, tí aboyún bá já wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara á máa gbọ̀n, á máa bì, á máa yàgbẹ́ gbuuru, ilé-ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, oyún lè bọ́, ọmọ lè jáde láìtó àsìkò. Àwọn bàbá kan á ti ọmọ mọ́ yàrá, wọ́n á gba fóònù, wọ́n á ní kò ní jáde títí ojú ẹ̀ á fi wálẹ̀. Ibi tí oyún ti ń bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n á wá ní oògùn ló bà á jẹ́. Dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, tàbí kó gbé e sórí oògùn míì bíi methadone tàbí buprenorphine níbi tí wọ́n bá ti ní in. Sìgá, igbó àti shíṣà ní tiwọn, ó lè já wọn jù lónìí, kò sí ewu yẹn níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ bá a kọ nǹkan mẹ́rin sínú bébà: orúkọ oògùn, mílígíráàmù ẹ̀, iye tó ń lò lójúmọ́, àti ìgbà tó lò ó kẹ́yìn. Ẹ fi àgbo kún un. Ẹ mọ bí àwọn eléwé ọmọ ṣe máa ń béèrè lọ́jà pé "olómi àbí ọlọ́tí?", ìgò méjèèjì á sì jókòó ti ara wọn, àwọ̀ kan náà, ògógóró ni wọ́n fi rẹ ọ̀kan. Àìmọye aboyún ló ń mu ọlọ́tí yẹn láàárọ̀ láàárọ̀ fún ẹ̀yìn dídùn tó sì máa búra pé òun ò mu ọtí rí. Òfin ò ní mú un ní Àbújá torí àgbo, ṣùgbọ́n ọtí ń dé ọpọlọ ọmọ, kò sì sí ìwọ̀n tí àwọn dókítà mọ̀ pé ó dára fún aboyún.

Tẹ́ ẹ bá dé kílíníkì, ẹ jẹ́ kí òun nìkan wọlé. Kì í sọ òtítọ́ níwájú ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta. Kó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ rí dókítà fún ọ̀rọ̀ kan tí òun ò fẹ́ kó di ariwo. National Health Act ti 2014, abala 26, ti sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn, wọn ò gbọdọ̀ gbé e síta àyàfi tí òun fúnra ẹ̀ bá gbà ní ìwé, tàbí tí kóòtù tàbí òfin bá pàṣẹ ẹ̀, tàbí tó bá léwu fún ìlera ará ìlú. Abala 20 ní wọn ò gbọdọ̀ lé ẹni tó wá ní pàjáwìrì padà, èyíkéyìí ìdí tó lè jẹ́. Tí ẹ bá pàdé òṣìṣẹ́ tó ń pariwo mọ́ ọn ní kọ́rídọ̀, ẹ má bá a jà, ẹ béèrè ọ̀gá wọ́ọ̀dù, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ pé abala 26 wà. Ó ń ṣiṣẹ́ ju ìjà lọ.

Ibi tẹ́ ẹ lè lọ: ọsibítù Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada ní ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ àti ẹ̀ka aboyún lábẹ́ òrùlé kan, ìyẹn dára gan-an torí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Kaduna ní ọsibítù ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Barnawa. NDLEA náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 0800 1020 3040, ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú ló wà fún. Ẹ sá fún àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní ilé ìtúnṣe tí kò ní ìwé ìjọba. Ní September 2019 ní Rigasa, Kaduna, ọlọ́pàá kó ọkùnrin àtọmọkùnrin tó lé ní 300 jáde nínú ilé kan, ṣéènì wà lẹ́sẹ̀ àwọn míì, ẹbí wọn ló sì kó àwọn kan lọ síbẹ̀ torí oògùn.

Tí wọ́n bá ti mú un

Ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ sọ ni pé òun lóyún, kó sọ iye oṣù, kó ní òun fẹ́ rí dókítà. Ẹ gbé káàdì kílíníkì ẹ̀ lọ, ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ fún wọn, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà kó dákẹ́. Ìwé Òfin 1999 abala 35 fún un láyè láti má dáhùn ìbéèrè kankan títí á fi bá lọ́yà tàbí ẹni tó bá yàn sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ Hausa nìkan ló yé ẹni tó wà níwájú ẹ̀, kó ní: "Ina so in ga lauyana kafin in ce komai," ìyẹn ni pé òun fẹ́ rí lọ́yà òun kí òun tó sọ ohunkóhun. Ẹ kọ́ ọ, kó mọ́ ọn lẹ́nu.

ACJA ti 2015, ìyẹn Administration of Criminal Justice Act, òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn àti bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ ọ̀daràn, ló ń ṣàkóso ọ̀ràn yìí ní Àbújá. Òfin yẹn ní obìnrin ni kó yẹ ara obìnrin wò. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì, nítorí náà tó bá jẹ́ ọkọ ni wọ́n ń wá tó sì ti sá lọ, wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti aboyún mọ́lé títí ọkọ á fi yọjú. Ó ní obìnrin náà lè dúró béèlì fún èèyàn, ẹ̀yin ìyá, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ pe ọkùnrin wá, ẹ ní òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Béèlì ò sì ní owó. Níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní láti fi gbé e dé iwájú adájọ́. Tí ẹ ò bá lówó lọ́yà, Legal Aid Council wà ní Àbújá, àwọn lọ́yà obìnrin FIDA náà wà.

Tó bá dé kóòtù tí wọ́n sì dá a lẹ́bi, ọ̀rọ̀ ò tíì parí, kí lọ́yà yín rántí Child's Rights Act abala 221. Ó ní kí kóòtù kọ́kọ́ ro ìjìyà tí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n fún aboyún tàbí ìyá ọlọ́mọ, wọn ò sì gbọdọ̀ dájọ́ ikú fún un. Àwọn lọ́yà kan kì í rántí abala yẹn torí orúkọ òfin náà ni ti ọmọdé. Ẹ rán an létí.

Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ bímọ

Kí wọ́n ti sọ fún àwọn agbẹ̀bí kí ìrọbí tó le, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ lo trámọ̀ tàbí kódì lè dára lójú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó tó di ọjọ́ kejì sí ìkẹta kó bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíké tó mú létí, ọwọ́ á máa gbọ̀n, kò ní lè fa ọmú dáadáa, á máa sín, á máa bì. Ọsibítù tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á dá ọmọ náà dúró, wọ́n á máa ṣọ́ ọ, oògùn wà fún un. Èyí tí wọn ò sọ fún á ní kí wọ́n máa lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Ilé ni gbogbo ẹ̀ á ti ṣẹlẹ̀, lóru, ẹnì kan á ní gìrì ni, wọ́n á fi àgbo sí i lẹ́nu, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tí gbogbo yín ń sá fún á ti bẹ̀rẹ̀ tí nǹkan bá ṣe ọmọ. Ẹ dúró sí wọ́ọ̀dù títí dókítà á fi ní kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ lójúkojú bóyá kó fún ọmọ lọ́mú, torí ìdáhùn ẹ̀ dá lórí irú oògùn tí ìyá ń lò lásìkò yẹn.